Orin àwọn fíìmù oníjà àtijọ́ tó yẹ kí wọ́n tún tẹ̀ jáde: ẹ mú tiyín wá

ỌmọFídíòKlọ́ọ̀bù (Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ń wá orin abẹ́ fíìmù Commando (1985), èyí tí James Horner kọ. Mi ò sọ ti orin tí ẹgbẹ́ olórin Power Station kọ ní ìparí fíìmù náà o. Èyí tó ń dún lábẹ́ nígbà tí Arnold ń di ìhámọ́ra, tó ń fi dúdú kun ojú, ni mò ń wá: ìlù onírin àwọn ará Trinidad, sákísófóònù, kíbọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ ń rọ́ lu ara wọn. Mo rí CD rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo rí iye tó pè é, ńṣe ni mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Kí ló dé tí wọn kì í tẹ irú nǹkan báyìí tó? Orin Star Wars, ìgbà dé ìgbà ni wọ́n ń tún un tẹ̀. Ṣé àwa tá a fẹ́ràn fíìmù oníjà kì í ṣe èèyàn ni?

Ẹ jẹ́ ká kó orúkọ àwọn tá a fẹ́ jọ síbí. Ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe lè bá àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀, kó jọ̀ọ́ kó wí. Tèmi rèé: Commando, Missing in Action (1984) àti Invasion U.S.A. (1985), Jay Chattaway ló kọ méjèèjì. American Ninja (1985) ti Michael Linn. Àti gbogbo fíìmù Shaolin tí Shaw Brothers, ilé-iṣẹ́ fíìmù Hong Kong, ṣe.

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù (Ṣúrùlérè)

Àbúrò, o kú ìfẹ́ orin. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Wọ́n ti tẹ Commando, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni pé kò sí àwo kankan nígbà tí fíìmù jáde. Ní 2003 ni Varèse Sarabande, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ orin fíìmù, tẹ ẹ̀dà 3,000. Ní 2011, La-La Land Records gbé èyí tó gùn jù ú lọ jáde. Wọ́n rà á tán, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Predator tí Alan Silvestri kọ: fíìmù jáde ní 1987, àwo kò sí títí di 2003, ẹ̀dà 3,000. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Intrada tún tẹ̀ ẹ́ ní 2010, kíá ló tán nílẹ̀. Die Hard ti Michael Kamen (1988) dúró di 2002, ẹ̀dà 3,000 náà ni.

Ó ní ìdí tí iye yẹn fi ń jọra. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń lu orin fíìmù wà nínú ẹgbẹ́ kan, American Federation of Musicians. Owó tí wọ́n gbà ní sítúdíò, ti fíìmù nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó orin yẹn sórí àwo gbọ́dọ̀ tún sanwó fún wọn lọ́tọ̀. Bí èèyàn ọgọ́rin bá jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ta gòjé, tí wọ́n ń fun fèrè, kí olúwarẹ̀ ṣírò rẹ̀ wò. Bí àwo bá sì ṣe gùn tó ni owó náà ń pọ̀ tó. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ àwo Varèse ayé ìgbà yẹn kò fi ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà gbà kí ẹni tó bá tẹ ẹ̀dà díẹ̀ san owó tó fúyẹ́. Ibẹ̀ ni 3,000 ti wá. Àwọn míì a tiẹ̀ máa gbé iṣẹ́ wọn gba òkè òkun lọ: Rome ni wọ́n ti lu orin Conan the Barbarian ti Basil Poledouris, London ni wọ́n ti lu Total Recall ti Jerry Goldsmith.

Torí náà, Commando kọ́ ni wọ́n pa tì. Ti Chattaway tó o dárúkọ, ìyẹn la lè béèrè nípa rẹ̀.

Adé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò gbà pé owó ẹgbẹ́ olórin ni gbogbo ẹ̀. Ẹ wo Get Carter (1971) níhìn-ín. Owó tí wọ́n fún Roy Budd láti fi ṣe orin náà kò ju £450 lọ. Òun fúnra rẹ̀ lórí dùùrù, ẹnì kan lórí báàsì, ẹnì kan lórí ìlù. Èèyàn mẹ́ta péré! Síbẹ̀ Japan nìkan ni wọ́n ti tẹ àwo rẹ̀ nígbà yẹn, àwa tó wà ní ìlú tí wọ́n ti ya fíìmù náà ò rí i rà títí di ìparí àwọn ọdún 1990.

Tàbí Assault on Precinct 13 (1976). John Carpenter nìkan ló dá orin yẹn lù lórí kíbọ́ọ̀dù, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó fẹ́ gbowó. Ìgbà wo ló jáde? 2003, ilé-iṣẹ́ àwọn Faransé kan, Record Makers, ló gbé e jáde.

Àwọn tó ni orin náà ò gbà pé ẹnikẹ́ni á rà á ni. Fíìmù oníjà, lójú wọn, ohun tí ọmọdé ń wò ni. Bí orin bá ti wà lábẹ́ ìbọn, wọ́n rò pé etí wa ò gbọ́ ọ.

Ọmọ_Mushin

Etí wa gbọ́ ọ dáadáa! Nígbà tá a wà ní kékeré, orin ni a fi ń mọ̀ pé Akítọ̀ ti dé, Bọ́ọ̀sì ti wọ gàù.

Ẹ fi àwọn Arnold sílẹ̀ ẹ jàre. Bloodsport (1988) àti Kickboxer (1989) ni tèmi. Paul Hertzog ló kọ méjèèjì, ọkùnrin yẹn sì fi iṣẹ́ orin fíìmù sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó lọ ń ṣe tísà. Ẹ ronú sí i. Ibi tí Van Damme ti ń fi ẹsẹ̀ ta igi ọ̀pẹ ní Thailand, ta ni kò mọ orin yẹn?

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù (Ṣúrùlérè)

Ọmọ_Mushin, Perseverance Records ti tẹ méjèèjì. Ẹ máa wádìí kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀ o.

Màmá_Téèpù (Òṣogbo)

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń jà lórí owó, ẹ ò tíì béèrè bóyá téèpù wà. Ilé iṣẹ́ rédíò ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, inú yàrá téèpù sì ni mo lò jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ọ̀pọ̀ téèpù tí wọ́n ṣe láàárín nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1970 sí àwọn ọdún 1980 ló ní àìsàn kan náà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìyẹ̀fun dúdú mọ́ ara téèpù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Tó o bá gbé e sórí ẹ̀rọ, á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, á máa han, ìyẹ̀fun ọ̀hún á sì máa ṣí kúrò. Orin lò ń wò tó ń ṣí lọ yẹn o. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń yan án. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbé e sínú ààrò oníná, nǹkan bíi 54 lórí ìwọ̀n Celsius, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí omi lè jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tètè dà á kọ kó tó tún padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá kánjú gbé e sórí ẹ̀rọ láìyan án ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Tí téèpù orin bá ti sọnù pátápátá, ohun míì wà tí wọ́n lè wá. Ilé iṣẹ́ fíìmù a máa tọ́jú ohùn kan tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú, orin àti ariwo nìkan, kí àwọn Jámánì tàbí Faransé lè fi èdè tiwọn kún un. Wọ́n lè yọ orin níbẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ariwo ò ṣeé yà kúrò. Nínú fíìmù ìfẹ́, ìró bàtà àti ilẹ̀kùn lásán ni. Nínú fíìmù oníjà ńkọ́? Ìbọn, bọ́ǹbù, gíláàsì tó fọ́, mọ́tò tó gbiná. Kí lẹ fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé iná tó jó ní Universal Studios ní Hollywood lóṣù kẹfà 2008. Ilé tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ téèpù orin sí wà lára ohun tó jó, aráyé ò sì mọ bó ṣe burú tó títí ìwé ìròyìn New York Times fi gbé e jáde ní 2019.

Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan pa orin tì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ipò tí téèpù wà.

ỌmọFídíòKlọ́ọ̀bù (Ìbàdàn)

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń yan téèpù bí búrẹ́dì.

Àwọn Shaolin ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Tísà_Jazz (Abẹ́òkúta)

Ìyẹn ò rọrùn o. Shaw Brothers ò kì í sábà ní kí olórin jókòó kọ orin tuntun fún gbogbo fíìmù wọn. Orin tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó ni wọ́n ń rà, pàápàá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ De Wolfe ní London. Òṣìṣẹ́ kan á jókòó, á máa gé e, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìjà. Ìyẹn ni pé orin tó dún nígbà tí ọ̀gá Shaolin ń fò, òyìnbó kan ló kọ ọ́ ní London, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ṣe ìpolówó ọjà níbòmíì. Orin fíìmù Shaolin bíi "The 36th Chamber" tí ẹ̀ ń wá, kò sí téèpù kan báyìí tí gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá inú àwo De Wolfe, ẹ óò bá a ní wẹ́wẹ́.

Ti Bruce Lee tún lọ́jú pọ̀. The Big Boss (1971) ní orin tí Wang Fu-ling kọ fún àwọn ará Hong Kong, ó tún ní òmíràn tí Peter Thomas ará Jámánì kọ fún ẹ̀dà tó lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Èwo lẹ gbọ́ nílé fídíò? Way of the Dragon (1972) ní tirẹ̀, Joseph Koo ló kọ ọ́, àmọ́ wọ́n bu díẹ̀ nínú orin Ennio Morricone láti inú fíìmù kábọ́ọ̀yì mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ á lọ bẹ ẹni púpọ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀ fún àtúntẹ̀, ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Àwo Bullitt tó jáde ní 1968, Lalo Schifrin tún orin náà lù lọ́tọ̀ fún àwo ni, kì í ṣe ti inú fíìmù. Shaft ti Isaac Hayes (1971) náà rí bẹ́ẹ̀. Film Score Monthly, ìwé ìròyìn orin fíìmù tó máa ń tẹ CD, ló wá wá téèpù ti inú fíìmù Shaft gan-an rí, tí wọ́n gbé e jáde ní 2008. Inú gbogbo èèyàn dùn. Èmi? Mo fara balẹ̀ gbọ́ méjèèjì, ti orí àwo ló wù mí jù. Orin fíìmù máa ń já lójijì nítorí pé àwòrán já. Nínú Bullitt, orin ń gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mọ́tò méjèèjì ṣe ń ṣọ́ ara wọn, fèrè ń wọlé, báàsì ń rìn. Ọ̀daràn di bẹ́líìtì rẹ̀, táyà han, orin dákẹ́. Gbogbo eré mọ́tò tí aráyé ń pariwo yẹn, kò sí orin kankan lábẹ́ rẹ̀. Schifrin gan-an ló gbọ́n tó fi dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa tẹ̀ sórí àwo?

Èyí tí mo gbà pé wọ́n pa tì tí wọ́n sì jí dìde bó ti yẹ ni The Taking of Pelham One Two Three (1974) ti David Shire. Ó mú ìlànà olóhùn méjìlá tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò, ó gbé báàsì fọ́ǹkì sábẹ́ rẹ̀, ó di nǹkan tó ń já lọ bíi rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ New York fúnra rẹ̀. Kò sí àwo títí di 1996. Òun ni CD àkọ́kọ́ tí Film Score Monthly tẹ̀.

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù (Ṣúrùlérè)

Tísà, mo gbà fún yín lórí Pelham. Lórí Shaft, mi ò gbà. Èyí tó wà nínú fíìmù ni mo gbọ́ ní sínimá, òun ni mo sanwó fún. Tí mo bá fẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Isaac Hayes, ọ̀pọ̀ ló wà. Ibi tí orin ti já lójijì yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọmọ_Kétu (Kútọnu)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Countdown at Kusini (1976). Èkó ni wọ́n ti yà á. Ossie Davis ló darí rẹ̀, òun àti Ruby Dee ìyàwó rẹ̀ ṣeré nínú rẹ̀, Ladi Ladebo wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, Delta Sigma Theta, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú Amẹ́ríkà, ló wá owó rẹ̀. Ìtàn olórin jazz kan láti Amẹ́ríkà ni, tó bá ara rẹ̀ láàárín ìjà òmìnira ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn wà níbẹ̀, ìsákiri wà níbẹ̀. Ta ló kọ orin? Manu Dibango! Ẹ̀gbọ́n mi kan ní àwo rẹ̀ nílé níbí. Sákísófóònù yẹn tutù lẹ́sẹ̀ kan, ó gbóná lẹ́sẹ̀ kejì. Tí mo bá lágbára, òun ni mo máa kọ́kọ́ fi sọwọ́ sí wọn.

Adé_Peckham

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, àmọ́ fíìmù yẹn gan-an ni ojú ń pọ́n láti rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹni tó fẹ́ràn fíìmù ni wọ́n ń tà fún. Bí ẹnikẹ́ni ò bá rí fíìmù wò, àwọn tó ń kó àwo Manu Dibango jọ nìkan ló máa rà á. Ìyẹn náà ò burú, ṣùgbọ́n ẹ má lọ bá àwọn tó ń tẹ orin fíìmù, àwọn tó ń tẹ orin Áfíríkà àtijọ́ ni kí ẹ lọ bá. Bí ilé-iṣẹ́ Soundway níhìn-ín ṣe ṣe fún orin Black Goddess tí Remi Kabaka kọ fún fíìmù Ola Balogun nìyẹn.

Ọmọ_Mushin

Ṣé Black Goddess náà wá di fíìmù oníjà ni?

Adé_Peckham

Mi ò ní fíìmù oníjà ni. Ọ̀nà tó gbà jáde ni mò ń fi hàn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Texas

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ṣeé ṣe wá.

Ẹni tó ni fíìmù lẹ máa kọ́kọ́ wá. Fox ló ṣe Commando, Predator àti Die Hard, Disney sì ra Fox ní 2019, nítorí náà ọ̀dọ̀ Disney ni ìwé àṣẹ wà báyìí. Cannon ló ṣe Missing in Action, Invasion U.S.A. àti American Ninja. Ọ̀pọ̀ fíìmù Cannon bọ́ sọ́wọ́ MGM, Amazon sì ra MGM ní 2022. Ìyẹn ni pé fún ti Chattaway, ẹnu ọ̀nà kan náà lẹ máa kàn fún méjèèjì.

Ẹ má kọ̀wé sí Disney tàbí Amazon fúnra yín, wọn ò ní kà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lẹ máa kọ sí: Intrada, La-La Land, Varèse, Quartet ní Spain. Àwọn ló mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Olólùfẹ́ orin bíi tiwa ló dá Intrada sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń tọ́jú, àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1985, orin fíìmù oníjà ni: Red Dawn ti Poledouris. Lẹ́tà kúkúrú ni kẹ́ ẹ kọ. Orúkọ fíìmù, ọdún, ẹni tó kọ orin, bóyá àwo wà rí, kí ẹ sì sọ pé ẹ máa rà á. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Tí wọn ò bá dáhùn, kò túmọ̀ sí pé wọn ò ṣiṣẹ́ lé e. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n ń ṣe títí ìwé á fi di fífọwọ́sí.

Kí CD tó dé, ẹ wá àwo Blu-ray ti ilé-iṣẹ́ Twilight Time. Wọ́n ti kógbá sílé ní 2020, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń fi orin fíìmù sí ọ̀nà ohùn tirẹ̀ lórí àwo náà. Ẹ pa ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ gbọ́ orin nìkan. 3,000 ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ náà o, ẹ tètè wò ó.

Màmá_Téèpù (Òṣogbo)

Tí ẹ bá máa rà á láti òkè òkun, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ilé ẹbí yín tó wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ wálé gbé e sínú àpótí rẹ̀. Àwọn kan tó ń gbé ẹrù wálé fi àpò CD àbúrò mi sílẹ̀ síbi tí òjò ti ń pa á, wọ́n sì tún gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé kékeré inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Texas

Òótọ́ ni, màmá. Ẹ tún ṣọ́ra fún ayédèrú. Tẹ́ ẹ bá rí "Invasion U.S.A. complete" lórí àwo tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́, tí ìwé inú rẹ̀ jẹ́ fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ nílé, orí fídíò ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ óò gbọ́ Chuck Norris tó ń tú ilẹ̀kùn.

ỌmọFídíòKlọ́ọ̀bù (Ìbàdàn)

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Mo fẹ́ yọ Commando kúrò, kí n kọ lẹ́tà sí Intrada lórí iṣẹ́ Jay Chattaway méjèèjì lálẹ́ òní. Ṣé kí n fi American Ninja kún un?

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù (Ṣúrùlérè)

Má fi kún un. Olórin kan, lẹ́tà kan. Kọ ti Michael Linn lọ́tọ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ míì. Kí o sì béèrè ohun tí Màmá_Téèpù sọ: bóyá téèpù wà, àti níbo. Tí wọ́n bá dáhùn, gbé èsì náà síbí kí Ọmọ_Kétu lè fi ṣe àwòkọ fún ti Dibango.

Ọmọ_Mushin

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní Kickboxer ti Perseverance tó fẹ́ tà? Owó wà lọ́wọ́ mi, ẹ kàn má pè é níye tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn pe Commando.